Bí Àgbà Bá Ṣubú, Ẹ̀yìn Ni Kí Ẹ Wò

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni a sábà máa ń sọ ní ojú ewé yìí: ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ ìwà àwọn ọ̀dọ́ wa. Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n ti ń gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Woolwich, ní Plumstead àti ní Thamesmead. Lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi nípa wọn láìpẹ́ yìí pọ̀, gbólóhùn kan náà ni ó sì wà nínú púpọ̀ wọn: “Màámi ṣubú.”

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò wá gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tí ó gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà náà bá ti di ẹni ọdún 84, tí ìgbàgbé ti wọlé tọ̀ ọ́, tí ó sì wà láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ta ni yóò bá a wo ẹ̀yìn? Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ìdílé ní agbègbè yìí, mo ti rí i pé ìdajì ìdáhùn náà a máa wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ rárá.

Nígbà tí tẹlifóònù bá dún láti ilé ìtọ́jú ní agogo mẹ́fà àárọ̀, oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Àwọn kan á ní ọjọ́ ogbó ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni, pé ẹnìkan ní ilé ni kò fẹ́ kí ìyá náà jẹun ọmọ pẹ́. Àwọn kẹta á wọ ọkọ̀, ó di ilé ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá jà. Mo mọ ohun tí ó wà nídìí ìjà náà. Ìtìjú ni. A ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Nítorí náà, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìtọ́jú máa ń rò pé gbogbo ìjọ ni ó ń wo òun. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀. Bí wọ́n bá bèèrè ìyá, á ní wọ́n ń sùn. Èmi kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí èyí. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru, tí ìyá rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn bọ́ sí òpópónà ní agogo méjì òru, mọ ohun tí ojú òun rí kí òun tó gbà. Ṣùgbọ́n ìtìjú a máa pa ènìyàn lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ tí a kò sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ni ó sábà máa ń gbé ìyá ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ìwọ̀n. Ní ilẹ̀ yìí, nínú àwọn tí ó ti lé ní ọdún 65, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta ni ó ń ṣubú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún. Nínú àwọn tí ó ti lé ní 80, ó tó ìdajì. Àwọn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú ń ṣubú ní ìlọ́po mẹ́ta ju àwọn tí ó wà ní ilé ara wọn lọ, nítorí pé àwọn tí ara wọn ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ jù lọ ni a ń gbé lọ síbẹ̀. Ní England, Wales àti Northern Ireland, ó lé ní 70,000 àgbàlagbà tí egungun ìbàdí wọn ń ṣẹ́ lọ́dọọdún, ìṣubú lásán láti orí ìdúró ni ó sì ń fa èyí tí ó pọ̀ jù. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin wọn kì í lo ọdún kan sí i láyé. Ti àwọn tí egungun wọn kò ṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rù á wọ̀ wọ́n lára. Wọn kò ní fẹ́ dìde mọ́, ẹsẹ̀ yóò sì gbẹ, ẹsẹ̀ tí ó gbẹ yẹn ni yóò tún gbé wọn ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Thamesmead mọ bí àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ àbàtà ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àkúnya omi ọdún 1953 sì wà lọ́kàn àwọn tí ó ṣètò ìlú náà. Nígbà tí Greater London Council bẹ̀rẹ̀ sí í kó ènìyàn wọlé ní ọdún 1968, wọn kò fi yàrá gbígbé sí ìsàlẹ̀ nínú àwọn ilé náà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fi ìsàlẹ̀ ṣe. Ènìyàn ní láti gun àtẹ̀gùn kí ó tó dé ibi tí yóò ti jókòó, kí ó sì tún gun òmíràn kí ó tó dé ibi tí yóò sùn. Wọ́n ti wó apá kan nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kò tíì tán ní Thamesmead. Ibẹ̀ ni ìtàn púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ sí Queen Elizabeth Hospital ní Woolwich. Ó dùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọn yóò fi ní kí ó dìde, ẹsẹ̀ kò ṣe é rán níṣẹ́ mọ́. A jókòó ìpàdé, a wo àtẹ̀gùn ilé, a wo iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe, a sì fẹnu kò sí ilé ìtọ́jú. Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀ pé ewu ìṣubú ti parí. Ìgbà náà gan-an ni kí ẹ la ojú yín. Nínú ohun tí èmi rí lẹ́nu iṣẹ́, oṣù méjì àkọ́kọ́ ní ilé ìtọ́jú ni ó máa ń burú jù. Ibùsùn tuntun ga ju ti ilé lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún ní ilé ti bọ́ sí ọwọ́ òsì, iná alẹ́ kò sí ní ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ìyá sì ń fi òkùnkùn tọ ọ̀nà ilé àtijọ́ nínú yàrá tuntun.

Ìyá kan wà tí n kò ní dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dárúkọ ilé ìtọ́jú tí ó wà. Ìṣòwò ni ó fi ìgbà ayé rẹ̀ ṣe. Láàrin ọjọ́ 16 péré, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹní kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, irú èyí tí ń pariwo bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án. Ariwo náà dẹ́rù ba ìyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo ẹní náà dá. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo ní kí wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ ìṣubú rẹ̀ wá, èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin sì tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ìṣubú kìíní, agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú 20. Èkejì, agogo márùn-ún géérégé. Ẹ̀kẹta, agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 10. Gbogbo rẹ̀ ní ìdájí. Ọmọ náà wo ìwé títí, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àsùbáà ni. Màámi ń dìde lọ kírun.”

Ó lé ní 60 ọdún tí ìyá náà ti ń jí ní wákàtí yẹn. Yóò kọ́kọ́ lọ tọ̀, yóò ṣe àlùwàlá, yóò sì kírun. Àwọn òṣìṣẹ́ òru kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá títí di agogo mẹ́fà. Bọ́tìnnì agogo tí a fi ń pè wọ́n há sí ẹ̀yìn ibùsùn, kò sì sí ẹni tí ó fi hàn án ní èdè tí ó yé e. Ó ń pè wọ́n ní tirẹ̀ o! Ó ń pè ní ohùn rara pé, “Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ tọ̀.” Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni pé ó máa ń kígbe ní òru láìnídìí.

Láti ọjọ́ náà, òṣìṣẹ́ obìnrin kan ń wọlé tọ̀ ọ́ ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 15. Ó ń tan iná, ó ń mú un lọ tọ̀, ó sì ń gbé àga sí iwájú ọpọ́n ìfọwọ́ kí ó lè jókòó ṣe àlùwàlá, nítorí pé omi tí ń dà sílẹ̀ láti inú búútà wà lára ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sì bá ààfáà sọ̀rọ̀ kí ó lè bá ìyá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀sìn gba aláìlera láyè láti jókòó kírun. Ìyá kì bá tí gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Dókítà gbé oògùn tí ń mú ni tọ̀ kúrò ní ìrọ̀lẹ́ sí òwúrọ̀. Nínú oṣù mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀kan ni ó ṣubú, ní ọ̀sán, nínú yàrá ìjẹun, egungun kankan kò sì ṣẹ́.

Kí ìyá náà tó wọlé, ìwé ètò ìtọ́jú rẹ̀ ti kún fún orúkọ àìsàn àti orúkọ oògùn. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí ó sọ ìgbà tí ó ń jí. Ta ni ìbá sọ ọ́? Ẹ̀yin ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi í sínú ìwé náà: ìgbà tí ó ń jí, iye ìgbà tí ó ń tọ̀ ní òru, apá ibi tí ó ń gbà dìde lórí ibùsùn, bóyá ó gbà kí ọkùnrin mú òun lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo mọ àwọn ìyá tí wọ́n yàn láti dá rìn nínú òkùnkùn ju kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tó ọmọ-ọmọ wọn bá wọn tú ìró lọ. Ẹ sọ pé òṣìṣẹ́ obìnrin ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ tún kọ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn. Bí àrùn ìgbàgbé bá ń jẹ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àgbà, Yorùbá ni ó sábà máa ń ṣẹ́kù, ẹni tí ó fi 30 ọdún ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì lè má rí ju èdè ìyá rẹ̀ lọ lẹ́nu mọ́. Páálí kékeré kan tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ti tó, tí a kọ “Mo fẹ́ tọ̀”, “Òòyì ń kọ́ mi”, “Ó ń dùn mí” àti “Ẹ dì mí mú” sí, pẹ̀lú bí a ṣe ń pè é àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní bí a ṣe ń dá “Mo ń bọ̀, mà” padà. Ẹni tí ó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ lè dúró dè wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì. Púpọ̀ nínú yín tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin gan-an ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àgàgà láti ìgbà tí ìjọba ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú láti òkè òkun ní ọdún 2022, kí wọ́n tó tì í ní oṣù keje ọdún 2025. Mo mọ̀ pé àwọn ilé ìtọ́jú kan ní kí òṣìṣẹ́ má sọ èdè mìíràn láàrin ara wọn níwájú àwọn àgbà, èyí sì bójú mu. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Yorùbá fi Yorùbá dá ìyá Yorùbá lóhùn, ìtọ́jú ni ìyẹn. Bí ọ̀gá yín bá takò ó, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìtọ́jú ìyá náà, kí ó lè di ohun tí a fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí yóò bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n n kò lè ṣàì sọ ọ́. Ọ̀wọ̀ wa ń dá àwọn àgbà jókòó jù. Bí ìyá bá ti fẹ́ na ọwọ́ mú ife omi, a ti sáré bá a gbé e. Bí ó bá fẹ́ dìde, gbogbo wa á ní, “Ẹ jókòó, mà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.” Nígbà tí ó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, a ó wá pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dìde mọ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a kò lò kì í pẹ́ kí agbára tó tán nínú rẹ̀, àgbà tí ó ti jókòó láti àárọ̀ yóò sì dìde ní ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, nítorí pé ìtọ̀ kò gbọ́ àṣẹ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ BMJ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí Pip Logan ti University of Nottingham darí, ní ilé ìtọ́jú 84 ní England, pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tí ó lé ní 1,600. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ apá kan nínú àwọn ilé náà bí wọn yóò ṣe máa yẹ ọ̀rọ̀ àgbà kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀: àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀, yàrá rẹ̀, bí ó ṣe ń rìn, kí wọ́n sì ṣe ohun tí ó bá yẹ sí èyí tí wọ́n bá rí. Láàrin oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ìṣubú ní àwọn ilé náà fi 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ilé yòókù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù ni pé wọn kò dá àwọn àgbà náà jókòó kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń rìn bí wọ́n ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi di ìparí ọdún, ìyàtọ̀ náà kò hàn kedere mọ́. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀, ara àgbà náà sì ń yí padà. Nítorí náà, kí ẹ máa bèèrè fún àyẹ̀wò tuntun ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Bí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ má kàn gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ràn án lọ́wọ́ dìde, kí ẹ sì bá a rìn dé ojú fèrèsé àti padà. Bí ó bá lè dúró, ẹ fi orin Ebenezer Obey tàbí ti Àyìnlá Ọmọwúrà sí i, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kí ó jó. Bàbá kan tí kò gbà fún oníṣègùn kankan láti kọ́ òun ní ìdárayá jó ìdajì wákàtí lójú mi.

Kí ẹ tó jáde, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Sílípáàsì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, tí ó ti gbòòrò, ẹ gbé e lọ sílé. Bàtà tí ó bo ẹ̀yìn ẹsẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ kò yọ̀, ni kí ẹ rà. Ẹ wo èékánná ẹsẹ̀, nítorí pé èyí tí ó bá gùn jù kì í jẹ́ kí ó lè tẹlẹ̀ dáadáa. Ìró tí ń wọ́ nílẹ̀, ẹ fún aránṣọ kí ó gé e kúrú, kí ó sì fi rọ́bà sí ìbàdí rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ gbé wá láti ilé kí yàrá lè jọ ilé, etí rẹ̀ tí ó ń ká sókè yóò gbé e ṣubú. Mo sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń pe wòlíì wá: ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi òróró ra àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà tí yóò rìn lórí ilẹ̀ dídán.

Ti oògùn ń kọ́? Gbogbo oògùn oorun, oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ àti púpọ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó lè mú kí òòyì kọ́ àgbà. Ẹ bèèrè ìgbà tí dókítà yẹ gbogbo oògùn rẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní ìdùbúlẹ̀ àti nígbà tí ó bá dìde dúró. Bí nọ́ńbà ti òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ nígbà tí ó dìde, ohun tí ń gbé e ṣubú lè jẹ́ ìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́wọ́ àgbo. Àgbo tí ó ti Ìbàdàn wá nínú ike omi, tí ẹ ń bù fún un bí ẹ bá wá kí i, tàbí oògùn tí àbúrò fi ránṣẹ́ láti ilé, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Ojú náà ńkọ́? Àrùn ojú tí à ń pè ní glaucoma wọ́pọ̀ láàrin àwa tí a ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, ó sì ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú kí ó tó dé àárín. Ẹni tí ó ń ríran wo tẹlifíṣọ̀n lè má rí ẹsẹ̀ àga tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni awọ dúdú nílò oòrùn púpọ̀ kí ara tó lè ṣe fítámì D tí egungun ń fẹ́, àgbà tí kò jáde kò sì rí oòrùn kankan. Ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí irú wọn máa lo máíkírógíráàmù 10 lóòjọ́ yí ọdún ká.

Ẹnìkan kọ̀wé bi mí pé ṣé wọn kò lè de ìyá òun mọ́ àga ni, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Rárá o. Òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005 kò gbà kí a ká ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò nítorí ìrọ̀rùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan láti dènà ewu, kí ó má sì ju ewu náà lọ. Irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pàápàá ní ewu tirẹ̀, nítorí pé àgbà tí iyè rẹ̀ kò pé a máa gun un kọjá, láti òkè irin ni yóò sì ti wá ṣubú. Ibùsùn tí a lè rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ní òru sàn jù.

Bí tẹlifóònù náà bá sì dún, ẹ fi ara balẹ̀, kí ẹ mú ìwé àti kálámù. Ẹ bèèrè pé ní agogo mélòó, ní ibo, kí ni ó fẹ́ lọ ṣe, kí ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tó ìgbà wo lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ẹ bèèrè bóyá ó fi orí gbálẹ̀, kí ẹ sì rán wọn létí bí ó bá ń lo oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ó forí gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn bí kò tilẹ̀ sọ pé ó ń dun òun. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ, tí ó sì yí síta, kí wọ́n má gbé e dìde. Kí wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò yí padà láti alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìpalára náà bá pọ̀, òfin ní kí ilé ìtọ́jú sọ òtítọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì fi tó Care Quality Commission létí. Ìròyìn àyẹ̀wò tí àjọ yìí ṣe lórí ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan wà fún gbogbo ènìyàn láti kà, ó sì yẹ kí ẹ kà á kí ẹ tó yan ilé rárá.

Bí ìṣubú bá ń tẹ̀lé ìṣubú, tí ọ̀gá ilé ìtọ́jú kò sì dá yín lóhùn, ẹ kàn sí ẹ̀ka káńsù tí ń dáàbò bo àwọn àgbàlagbà. Ibí yìí ni àwọn ará Thamesmead ti ń ṣìnà, nítorí pé káńsù méjì ni ó pín ìlú náà: apá kan wà lábẹ́ Greenwich, apá kejì wà lábẹ́ Bexley. Káńsù tí ilé ìtọ́jú náà wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ pè, bí ẹ̀yin tilẹ̀ ń gbé ní apá kejì.

Lóṣù tí ń bọ̀, èmi yóò dáhùn ìbéèrè àwọn mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò san owó ilé ìtọ́jú, àti bóyá dandan ni kí wọ́n ta ilé bàbá wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ tètè fi lẹ́tà yín ránṣẹ́, kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dárúkọ àgbà náà nínú rẹ̀.